Ọpọlọ eku tí kò gba aró: ìṣẹ̀lẹ̀ kan nínú yàrá ìwádìí ní Abuja

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ oyè gíga ní Abuja ń fún eku funfun ní omi ewé, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ewé náà ń dín agbára acetylcholinesterase kù nínú ọpọlọ. Acetylcholinesterase, tí gbogbo ará yàrá ìwádìí ń pè ní AChE, ni ẹ́ńsáìmù tó ń gé acetylcholine, kẹ́míkà tí núróònù (sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ) fi ń ránṣẹ́, sí méjì lẹ́yìn tí núróònù bá ti fi jíṣẹ́ tán. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí tún fẹ́ wo ìrísí àwọn núróònù ńláńlá tó ń pèsè acetylcholine nínú striatum, apá kan ní iwájú ọpọlọ: bí ara wọn ti tóbi tó, iye ẹ̀ka tó jáde lára wọn, ibi tí ẹ̀ka náà nà dé. Àwọn núróònù wọ̀nyí kò ju 1% sí 2% lọ nínú striatum eku. Aró lásán kò lè ṣà wọ́n láàárín àwọn yòókù. Ẹ́ńsáìmù inú wọn ni a fi ń dá wọn mọ̀.

Nígbà tí sílááìdì jáde, striatum àwọn eku tó mu omi ewé ti ṣá. Ibẹ̀ ló sì yẹ kó dúdú jù lọ ní iwájú ọpọlọ eku, búráùn tó súnmọ́ dúdú, tí a lè fi ojú lásán rí nínú àwo. Ti àwọn eku àfiwé, tó jẹ́ omi lásán ni wọ́n mu, náà ṣá ju bó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n kò tó ti ẹgbẹ́ ewé. Lójú ẹni tó ń kánjú, èsì ti dé: ewé ń dí AChE lọ́wọ́. Àwòrán wà, ìyàtọ̀ wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì, ìwé sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọwọ́ olùdarí ìwádìí. Tẹkinọ́lọ́jíìsì àgbà ló ní kí wọ́n dúró ná. Ẹgbẹ́ àfiwé ni ẹlẹ́rìí, ó ní, bí ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ bá ń gbọ̀n, ẹjọ́ wo la fẹ́ dá?

Aró náà àti bí wọ́n ṣe pò ó

Ọ̀nà tí yàrá yìí ń lò ni èyí tí Karnovsky àti Roots gbé jáde ní 1964, tí wọ́n kọ́ lé orí ti Koelle àti Friedenwald ti 1949. Kì í ṣe AChE gan-an ni aró yìí ń kùn, iṣẹ́ tí AChE ṣe ló ń hàn. A máa ń fún ẹ́ńsáìmù ní acetylthiocholine dípò acetylcholine. Bó bá gé e, thiocholine á jáde. Thiocholine á sọ ferricyanide di ferrocyanide. Ferrocyanide á so mọ́ copper lójú ẹsẹ̀, á di copper ferrocyanide, ohun búráùn tí kì í yòrò nínú omi, á sì jókòó sí ibi tí ẹ́ńsáìmù wà. Ẹ́ńsáìmù tó wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí nǹkan ti dí i lẹ́nu kò ní fi àmì kankan sílẹ̀. Orí èyí ni gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

Fún 10 ml aró, wọ́n yọ́ 5 mg acetylthiocholine iodide sínú 6.5 ml bọ́fà (omi tí kì í jẹ́ kí pH yí) maleate 0.1 M, pH 6.0. Àwọn mìíràn ń lo acetate dípò maleate, kò sí ìjà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni 0.5 ml sodium citrate 0.1 M, 1 ml copper sulphate 30 mM, 1 ml omi, àti ní ìgbẹ̀yìn pátápátá 1 ml potassium ferricyanide 5 mM, ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, tí wọ́n ń rò ó bó ti ń kán. Ẹni tó fẹ́ wọn ìyẹ̀fun: sodium citrate 2.94 g, copper sulphate aláwọ̀ búlúù 0.75 g, potassium ferricyanide 0.165 g, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 100 ml omi. Ètò yìí kò ṣeé yí po. Citrate ló ń di copper mú kó má bàa lọ so mọ́ ferricyanide kí ẹ́ńsáìmù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí copper bá kọ́kọ́ pàdé ferricyanide láìsí citrate láàárín wọn, aró á dì, ó bàjẹ́ nìyẹn. Aró tó dára ní àwọ̀ ewé, ó sì mọ́ kedere. Ti pH náà, AChE ì bá fẹ́ràn nǹkan bí 8, ṣùgbọ́n acetylthiocholine ń já fúnra rẹ̀ bí pH bá ti ń gòkè, búráùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbi tí ẹ́ńsáìmù kò sí. A gba kí iṣẹ́ falẹ̀ díẹ̀ kí ilẹ̀ sílááìdì lè mọ́.

Nínú 1 ml omi yẹn ni wọ́n ń yọ́ iso-OMPA sí, tí gbogbo aró fi ń ní 0.1 mM rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa butyrylcholinesterase lẹ́nu mọ́, nítorí ẹ́ńsáìmù ìbátan yìí pọ̀ lára àwọn òpójẹ̀ kéékèèké ọpọlọ eku, òun náà sì lè gé acetylthiocholine. Ẹni tó bá fò ó á rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri, á máa rò pé okùn núróònù ni, kò sì rí nǹkan kan ju òpójẹ̀ lọ. Omi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ padà di omi. Omi bọ́họ̀ọ̀lù tó ní irin, tàbí ẹ̀mú tó ti dípẹtà, máa ń fi àmì búlúù tóótòòtó sílẹ̀ lórí ègé, nítorí irin àti ferricyanide kì í pàdé kí búlúù má jáde.

Àwọn afurasí

Aró ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Acetylthiocholine iodide ń fa ọ̀rinrin, iná ìjọba kì í sì í dúró, fíríìjì á tutù, á tún lọ́wọ́ọ́wọ́, omi á máa sẹ̀ sínú ìgò. Akẹ́kọ̀ọ́ dábàá kí wọ́n ṣe acetylthiocholine ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Wọn ò gbà. AChE jẹ́ ẹ́ńsáìmù tí oúnjẹ àpọ̀jù ń dí lọ́nà. Kọjá ìwọ̀n kan, bí a ti ń fi kún un ni iṣẹ́ rẹ̀ ń dínkù.

Ohun tó ya aró sọ́tọ̀ kúrò lára ọpọlọ ni orí ewúrẹ́. Wọ́n rà á lọ́wọ́ alápatà ní òwúrọ̀ tó pa á, wọ́n gé striatum rẹ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n rẹ ẹ́ sínú paraformaldehyde 4% (irú fọmalíìnì kan) fún wákàtí mẹ́ta ní 4°C, wọ́n gé e bí wọ́n ṣe ń gé ti eku, wọ́n sì kó ègé ewúrẹ́ àti ègé eku sínú aró kan náà, nínú àwo kan náà, ní 37°C. Kí wákàtí kan tó pé, ti ewúrẹ́ ti dúdú. Ti eku ṣì wà bó ti wà. Ègé ewúrẹ́ mìíràn tí wọ́n kọ́kọ́ fi sínú eserine 10 µM, oògùn tó ń dí cholinesterase lẹ́nu, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jáde ní funfun, èyí tó fi hàn pé cholinesterase ló mú dúdú wá, kì í ṣe ìdọ̀tí. Aró mọ́ lọ́rùn. Ó ṣòro láti rí àfiwé tó rọrùn tó báyìí, owó rẹ̀ kò sì ju owó orí ewúrẹ́ lọ.

Ó kan bí wọ́n ṣe tọ́jú ọpọlọ. Kétámìnì 80 mg/kg àti xylazine 10 mg/kg ni wọ́n fi kun eku lóorun. Wọ́n gba inú ọkàn fi omi iyọ̀ 0.9% fọ ẹ̀jẹ̀ jáde, wọ́n sì fi nǹkan bí 250 ml paraformaldehyde 4% nínú bọ́fà phosphate 0.1 M, pH 7.4, tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọpọlọ, wọ́n tún rẹ ẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, wọ́n gbé e sínú sucrose 30% títí ó fi rì, wọ́n sì gé e ní 40 µm lórí cryostat, ẹ̀rọ tó ń gé ọpọlọ dídì. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ibi tí nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́ ni kí ènìyàn fi ọpọlọ sílẹ̀ nínú fọmalíìnì di ọ̀sẹ̀ kejì, tàbí kó lọ fi í sínú wáàsì bí ti àwọn tó ń wo jẹjẹrẹ. Ọtí, xylene àti ooru wáàsì kì í fi AChE tó ṣeé wò sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé kò sí ọ̀kankan nínú méjèèjì tó ṣẹlẹ̀.

Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ lè purọ́, fíríísà sì lè ti yọ́ lóru kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n wá mú ègé tó tẹ̀ lé àwọn tó ṣá, láti inú ọpọlọ kan náà, wọ́n pín in sọ́nà méjì. Apá kan gba cresyl violet 0.1%, aró tó ń fi ara sẹ́ẹ̀lì hàn: àwọn sẹ́ẹ̀lì pé, kò sí èyí tó wú tàbí tó rún. Wọ́n fi ekejì wá NADPH-diaphorase, iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù mìíràn tí aró búlúù ń fi hàn: NBT (kẹ́míkà tó ń di búlúù) 0.2 mg/ml àti β-NADPH 1 mg/ml nínú bọ́fà phosphate 0.1 M tó ní Triton X-100 0.3%, pH 8.0, ní 37°C, nínú òkùnkùn. Láti 1991 ni a ti mọ̀ pé nitric oxide synthase ló ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú núróònù, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńsáìmù tí fọmalíìnì kì í tètè pa. Láàárín ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, núróònù búlúù jáde káàkiri striatum, tòun ti ẹ̀ka wọn gbọọrọ. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí àṣekágbá, nítorí ẹ́ńsáìmù kan lè gbójú ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ó mú kó nira láti di ẹ̀bi ru fíríísà.

Ohun tí maikirosíkóòpù ti ń sọ látìbẹ̀rẹ̀

Títí dé ibi yìí, ojú gbogbo ènìyàn wà lórí bí striatum ṣe ṣá. Nígbà tí tẹkinọ́lọ́jíìsì àgbà gbé lẹ́ńsì 20 sórí àwọn sílááìdì ẹgbẹ́ ewé, ó rí i pé kò ṣá tán. Àwọn núróònù ńlá kan dá dúró níbẹ̀, ara wọn búráùn, ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin jáde lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí igi igbá tó ṣẹ́ kù lórí pápá tí iná ti jó. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wá gan-an nìyẹn, ó sì lẹ́wà débi pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Nínú striatum tó péye, AChE kún àlàfo àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì débi pé òkùnkùn rẹ̀ ń bo àwọn núróònù fúnra wọn mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀nà Karnovsky rí ara núróònù kedere nínú striatum eku tí a kò fún ní nǹkan kan, kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó gbé òkùnkùn yẹn lọ.

Ìdáhùn ti wà nínú ìmọ̀ yìí láti àwọn ọdún 1970. Butcher àti àwọn mìíràn mọ̀ọ́mọ̀ fún eku ní DFP, májèlé tó ń so mọ́ AChE láìtú, wọ́n sì dúró fún wákàtí díẹ̀ kí wọ́n tó pa á. Májèlé pa gbogbo AChE àtijọ́ lẹ́nu mọ́, nínú ara sẹ́ẹ̀lì àti nínú àwọn okùn tó jìnnà. Ṣùgbọ́n núróònù kò dákẹ́: inú ara rẹ̀ ló ti ń ṣe ẹ́ńsáìmù tuntun, níbẹ̀ náà ló sì kọ́kọ́ ti ń hàn, kó tó rin ìrìn àjò lọ sí ẹ̀ka àti okùn. Nítorí náà láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ara núróònù àti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka rẹ̀ nìkan ló máa ń gba aró, ilẹ̀ á sì mọ́.

Bí aró bá ti bàjẹ́, ara núróònù náà kò ní hàn. Bí fọmalíìnì bá ti pọ̀ jù, ara àti okùn ni yóò jọ ṣá. Kí àlàfo ṣá kí ara núróònù dúdú, ohun tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀: nǹkan tó dí AChE lẹ́nu nígbà tí eku ṣì wà láàyè, wákàtí díẹ̀ ṣáájú ikú rẹ̀. Omi ewé ha lè ṣe é? Ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àfiwé kò mu ewé kankan, bẹ́ẹ̀ ni striatum tiwọn náà ṣá, àwọn núróònù díẹ̀ sì ń yọjú níbẹ̀.

Ilé eku

Bàbá tó ń tọ́jú eku kò fi nǹkan kan pamọ́. Wọn ò kàn tíì bi í ni.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fọ́n nǹkan sí ilé eku lọ́sẹ̀ yẹn?”

“Fiya-fiya ni. Aáyán fẹ́ jẹ oúnjẹ eku tán. Alẹ́ Sunday ni mo fọ́n ọn, mo sì ti wíńdò nítorí eruku ọyẹ́.”

Fiya-fiya ni wọ́n ń pè é lágbègbè yẹn, ota-piapia lọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Orúkọ yòówù kó jẹ́, dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú ìgò náà. NAFDAC ti gbégi dínà ìgò kéékèèké rẹ̀ láti 2019, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kiri rẹ̀ kò tíì kúrò lójú títì. Ìdílé kan náà ni dichlorvos àti DFP. Méjèèjì ń so phosphate mọ́ serine tó wà ní ẹnu iṣẹ́ AChE. Ìyàtọ̀ wọn ni pé AChE tí dichlorvos mú lè tú ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, bí ìdè náà kò bá tíì gbó. Èyí tó bá ti gbó kò ní tú mọ́, àfi kí núróònù ṣe òmíràn. Nítorí náà ni ilẹ̀ sílááìdì yìí kò ṣe mọ́ tó ti DFP.

Òwúrọ̀ Monday ni wọ́n pa eku. Àgò ẹgbẹ́ ewé wà ní pẹpẹ ìsàlẹ̀, ti àfiwé wà lókè. Ẹsẹ̀ ògiri àti ilẹ̀ ni Bàbá fọ́n oògùn sí, èéfín dichlorvos sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po méje àti ààbọ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ìwé oyè, jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín pẹpẹ ìsàlẹ̀ àti pẹpẹ òkè. Bàbá tún rántí pé omi pupa yí ojú àwọn eku ìsàlẹ̀ ká láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó rò pé eruku ni. Omi ojú pupa máa ń jáde lára eku tí acetylcholine bá ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Àárẹ̀ àti ìpayà náà lè fà á, nítorí náà kì í dá nǹkan fi hàn, ṣùgbọ́n ó yẹ kó wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ ilé eku ní ọjọ́ náà gan-an.

Wọ́n ṣì ní ìdajì ọpọlọ láti inú àwọn àgò kan náà tí kò kan fọmalíìnì, tí wọ́n ti fi sí −80°C lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi ọ̀nà Ellman ti 1961, tó ń wọn agbára AChE nínú ọpọlọ lílọ̀, wọn ìyẹn: 2.6 ml bọ́fà phosphate 0.1 M, pH 8.0, 0.4 ml ọpọlọ lílọ̀, 20 mg nínú 1 ml, 100 µl DTNB 0.01 M (kẹ́míkà tó ń mú yẹ́lò jáde bó bá pàdé thiocholine), 20 µl acetylthiocholine 0.075 M, kí a ka yẹ́lò tó ń jáde ní 412 nm. Orí yìnyín ni wọ́n ti lọ ọpọlọ náà, wọ́n sì kà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí bó bá jókòó ní ooru yàrá, ẹ́ńsáìmù tí ìdè rẹ̀ kò tíì gbó á máa tú, kíkà á sì máa ga ju bó ṣe rí lára eku lọ. Ti ìsàlẹ̀ ló lọ sílẹ̀ jù, ti òkè tẹ̀ lé e, ọpọlọ eku tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tó ń sin eku sì ga ju méjèèjì lọ dáadáa.

Àtúnṣe

Gbogbo èsì ọjọ́ Monday náà ni wọ́n yọ kúrò, kò sí èyí tí wọ́n gbìyànjú láti fi ìṣirò gbà là. Wọn kò tún lo àwọn eku tó ṣẹ́ kù nínú yàrá náà, nítorí AChE ọpọlọ tí ìdè rẹ̀ ti gbó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó padà bọ̀ sípò. Wọ́n kó eku tuntun sí yàrá mìíràn, wọ́n ń pààrọ̀ ipò àgò lórí pẹpẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ẹgbẹ́ kan má bàa gbé ìsàlẹ̀ títí, wọ́n sì gbé boric acid tí wọ́n pò mọ́ ṣúgà sínú ọmọrí ìgò sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù fún aáyán, níbi tí ọwọ́ eku kò lè dé. Boric acid kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú AChE. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ní Yorùbá, Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì pé kò sí fiya-fiya, kò sí ọṣẹ eégbọn, kò sí oògùn ẹ̀fọn tó ń rú èéfín. Èyí tó gbẹ̀yìn le díẹ̀, ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀fọn kì í fọwọ́ kan AChE, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó máa dúró ka ohun tó wà lẹ́yìn agolo.

Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, striatum ẹgbẹ́ méjèèjì dúdú, kò sì sí ìyàtọ̀ tí ojú tàbí Ellman lè rí. Omi ewé náà, ní ìwọ̀n tí wọ́n fi fún eku, kò dí AChE ọpọlọ lọ́wọ́.

Ó wá ku ìbéèrè kejì, torí òkùnkùn ti padà bo àwọn núróònù tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ wọn ẹ̀ka wọn. Wọ́n jíròrò DFP, wọ́n sì fi í sílẹ̀: ó ń fò láti inú ìgò, ó lè gba awọ ara wọlé, yàrá náà kò sì ní kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa èéfín jáde tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé nígbà tí iná bá lọ. Wọ́n gbìyànjú kí wọ́n tètè yọ ègé kúrò nínú aró kí àlàfo tó dúdú, ṣùgbọ́n orísun ẹ̀ka nìkan ló hàn, ìyókù kò tíì gba aró. Níkẹyìn wọ́n yí ìbéèrè ìrísí sí àwọn núróònù NADPH-diaphorase. Kì í ṣe àwọn núróònù acetylcholine mọ́, ìyẹn gbọ́dọ̀ hàn gbangba nínú àkòrí ìwé, ṣùgbọ́n ẹ̀ka wọn gba aró títí dé ibi tó jìnnà láìlo májèlé kankan. NADPH ló wọ́n jù nínú iṣẹ́ náà, ó sì kórìíra ọ̀rinrin. Wọ́n wọn ọ́n ní 10 mg-10 mg sínú àwọn ìgò kéékèèké ní ọjọ́ tó dé, wọ́n dì wọ́n papọ̀ pẹ̀lú silica gel ní −20°C, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń mú jáde nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ègé wọ aró. Glycerol jelly ni wọ́n fi ń bo sílááìdì, nítorí bí ègé bá pẹ́ nínú ọtí àti xylene, búlúù tín-ín-rín tó wà lára orí ẹ̀ka ló máa ń kọ́kọ́ lọ.